Ọkọ̀ Aṣífìlà àti Àǹkóò Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí olóòtú gbé lé mi lọ́wọ́ ní ìrọ̀lẹ́ yìí ni ọ̀rọ̀ àwọn tí wọ́n ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ olówó ńlá, ọkọ̀ asáré tí òrùlé rẹ̀ ṣeé ká sẹ́yìn, tí kò sì pé oṣù kan lẹ́yìn tí ó dé ilé tí wọ́n fi gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn oníṣẹ́ pé kí wọ́n bá àwọn tún un ṣe: kí wọ́n pààrọ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, kí wọ́n jẹ́ kí ohùn rẹ̀ ròkè, kí wọ́n sì fi iná àti rédíò tí ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é kò fi sí i kún un.

Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé olùkọ́ èdè Yorùbá ni wọ́n pè wá sọ ọ̀rọ̀ yìí. Ìró, ọ̀rọ̀ àti gbólóhùn ni iṣẹ́ mi, n kò sì ní sọ ara mi di mẹkáníìkì lójú yín. Ṣùgbọ́n ohun méjì ni ó mú mi jẹ́ ìpè náà. Èkínní ni pé ní Yábàá yìí, ẹni tí ó bá ń kọ́ni ní èdè kò lè di etí rẹ̀ sí ọ̀rọ̀ irin. Yaba College of Technology ti wà níbí láti ọdún 1947, Yunifásítì Èkó láti 1962, ilé ẹ̀kọ́ tí ń kọ́ àwọn olùkọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ní Akọkà láti 1967. Bí ẹ bá sì kúrò láàárín wọn, ẹ kò ní rìn jìnnà kí ẹ tó dé Muṣin níbi tí Ọjà Ladípọ̀ wà, ọjà tí a ti ń ra ohunkóhun tí ó bá wà lára ọkọ̀, láti orí nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo dé orí odidi ẹ́ńjìnì. Èkejì ni pé ìlànà kan wà nínú èdè wa tí mo rí i pé ó ṣàlàyé iṣẹ́ títún ọkọ̀ ṣe dáadáa. N óò dé ibẹ̀ láìpẹ́.

Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ. Orí omi ni ọkọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nínú èdè wa. Nígbà tí irin tí ń rìn lórí ilẹ̀ dé, àwọn baba wa kò wá orúkọ tuntun kiri. Wọ́n na ọwọ́ orúkọ àtijọ́, wọ́n sì fi ìwà tàbí iṣẹ́ ohun náà kún un. Èyí tí ń kó èrò di ọkọ̀ akérò, èyí tí ń ru ẹrù di ọkọ̀ akẹ́rù, èyí tí ń tọ ojú irin di ọkọ̀ ojú irin. Kékeré tí ó rọra ń lọ ní tirẹ̀ ni wọ́n pè ní ayọ́kẹ́lẹ́. Ẹ tú ọ̀rọ̀ náà wò: ohun tí ń yọ́ rìn ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ìyìn ni orúkọ náà, nítorí ẹni tí ó ti fi etí gbọ́ ariwo ọkọ̀ akẹ́rù tẹ́lẹ̀ ni yóò mọ̀ pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ jẹ́ ẹwà lára irin. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí a óò padà sórí rẹ̀ nígbà tí a bá dé ìdí sàláńsà.

Lẹ́yìn èyí ni orúkọ àdáni bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Volkswagen kékeré tí ẹ̀yìn rẹ̀ rí róbótó, irú èyí tí wọ́n ń tò pọ̀ ní ọ̀nà Badagry láti ọdún 1975, ìjàpá ni gbogbo ayé ń pè é, ọmọdé kò sì béèrè ìtumọ̀. Mercedes gba orúkọ ẹja, ó di ọ̀bọ̀kún. Ọkọ̀ tí ó bá ní ẹ̀rọ amúlétutù di ọlọ́yẹ́, bí ẹni pé ẹni tí ó ni ín ti ra ọyẹ́ sí ìkáwọ́ ara rẹ̀. Èyí tí wọ́n ti lò ní òkè òkun kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa gba orúkọ ọmọ tí a bí sẹ́yìn odi, Tòkunbọ̀. Bọ̀gìnnì sì ni a ń pe èyíkéyìí tí ó bá ń tàn tí ọrùn ènìyàn fi ń yí tẹ̀ lé e. Ní ti ọkọ̀ tí ń ká òrùlé rẹ̀, èmi yóò pè é ní ọkọ̀ aṣífìlà ní ìrọ̀lẹ́ yìí, nítorí bí ó ti ń ká òrùlé sẹ́yìn jọ bí ọkùnrin ti ń ṣí fìlà kí àgbà. Ẹni tí ó bá ní orúkọ tí ó dára ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó mú un wá, n kò ní bá a jà.

Àwọn kan rò pé títún ọkọ̀ ṣe sí ìfẹ́ inú ẹni jẹ́ àṣà tí àwọn ọmọ olówó kó wálé láti inú fíìmù Amẹ́ríkà. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ta ni ó ṣe bọ́lẹ̀kájà? Ẹ́ńjìnì àti egungun ìsàlẹ̀ ni ó ti òkè òkun wá. Àwọn káfíńtà wa ni wọ́n fi pákó kan ilé lé e lórí, tí àwọn akunlé sì fi òwe àti àdúrà kọ ọ́ lára. Mólùé ńkọ́? Ara ọkọ̀ akẹ́rù Mercedes ni àwọn ajórin wa ti ṣẹ̀dá rẹ̀, wọ́n wọn ìjókòó sí i bí ó ti wù wọ́n, ó sì gbé ará Èkó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí ó sì di ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972, tí Nàìjíríà fi apá òsì títì sílẹ̀ bọ́ sí apá ọ̀tún, iṣẹ́ mìíràn dé fún àwọn mẹkáníìkì, èyí ni yíyí sítíárìn ọkọ̀ kúrò ní ọ̀tún sí òsì.

N óò dúró díẹ̀ lórí iṣẹ́ sítíárìn yìí, nítorí ẹ̀kọ́ pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rò pé kí a ṣáà tú sítíárìn níhìn-ín kí a sì dè é sọ́hùn-ún ni. Ṣùgbọ́n bí sítíárìn bá ṣí lọ, àwọn ohun tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ gbọ́dọ̀ bá a lọ. Bí àwọn yẹn bá lọ, ọ̀pá bíréèkì gbọ́dọ̀ wá ọ̀nà mìíràn. Apá tí ń nu òjò lára gíláàsì iwájú gbọ́dọ̀ yí ìhà tí ó ń nù padà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ojú awakọ̀ gan-an ni omi yóò dúró sí. Iná iwájú ńkọ́? Iná ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí a bá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, apá òsì ni ó máa ń tàn sí jù, kí ó má baà bọ́ sí ojú ẹni tí ń bọ̀ lápá ọ̀tún. Bí a bá gbé irú iná bẹ́ẹ̀ wá sí Èkó, ojú ẹni tí ń bọ̀ ni yóò máa wọ̀ ní òru. Títí di òní, ẹni tí ó bá ra iná Tòkunbọ̀ tí wọ́n tú lára ọkọ̀ Lọ́ńdọ̀nù, tí ó sì so ó mọ́ ọkọ̀ tirẹ̀ nítorí pé ó tàn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ó ń fọ́ ọmọ ẹlòmíràn lójú láìmọ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé ìlànà kan wà nínú èdè wa tí ó jọ èyí. Ẹ̀yin olùkọ́ ti mọ̀ ọ́n. Àǹkóò fáwẹ́lì ni. Nínú ọ̀rọ̀ orúkọ onísílébù méjì tí a kò fi àkànpọ̀ ṣẹ̀dá, e àti o kì í bá ẹ àti ọ gbé inú ilé kan. A ní òkè, a ní ejò, a ní oko. A ní ọ̀bẹ, a ní ẹ̀kọ, a ní ọkọ̀. Bí ẹnìkan bá mú oko, tí ó fẹ́ fi ọ rọ́pò o ti iwájú, ti ẹ̀yìn kò ní gbà kí òun dá dúró. Ó di dandan kí òun náà di ọ. ‘Ọko’ kò sí lẹ́nu Yorùbá. Àwọn onímọ̀ tí wọ́n yan orúkọ fún ìlànà yìí mọ ohun tí wọ́n ń ṣe: wọ́n yá àǹkóò lọ́wọ́ àwọn ẹlẹ́gbẹ́ tí ń wọ aṣọ kan náà lọ sí òde ìnáwó. Èrò mi nípa ọkọ̀ ni pé ohun kan kì í dá yí padà lára rẹ̀. Ohunkóhun tí a bá fi kún un ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ aládùúgbò rẹ̀, bí aládùúgbò náà kò bá sì rí i san, ènìyàn ni yóò san án.

Àwọn ará Jámánì tí ó fi iṣẹ́ yìí lówó lọ́wọ́ mọ èyí. AMG bẹ̀rẹ̀ ní 1967 láti ọwọ́ Hans Werner Aufrecht àti Erhard Melcher, Brabus tẹ̀ lé e ní 1977. Mercedes ni àwọn méjèèjì ń tún ṣe, tí wọ́n ń fi agbára kún. Ẹ kò ní rí i kí irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fi agbára kún ẹ́ńjìnì kí ó sì fi bíréèkì sílẹ̀ bí ó ti wà. Àwọn tiwa tí ń ra ohun èlò wọn máa ń fẹ́ ra ẹyọ kan nínú rẹ̀, ẹyọ tí ojú ń rí.

Ẹ jẹ́ kí a wá bọ́ sórí ọkọ̀ aṣífìlà gan-an. Kí ni òrùlé ń ṣe lára ọkọ̀? Ọ̀pọ̀ yóò ní ó ń gba òjò àti oòrùn. Ẹ mú páálí bàtà kan nílé lálẹ́ yìí. Ẹ bò ó, ẹ lẹ ìdérí rẹ̀ mọ́ ọn lára yípo, kí ẹ sì gbìyànjú láti lọ́ ọ. Kò ní rọrùn. Ẹ wá yọ ìdérí kúrò kí ẹ tún un lọ́. Ẹ ó rí i pé ó ń yí lọ́wọ́ yín bí aṣọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọkọ̀ tí kò ní òrùlé líle. Nítorí náà, ilé iṣẹ́ tí ó bá ń ṣe ọkọ̀ aṣífìlà máa ń fi irin kún ìsàlẹ̀ rẹ̀, lábẹ́ ilẹ̀kùn lọ́tùn-ún lósì, wọ́n á sì mú òpó tí ó di gíláàsì iwájú mú kí ó le ju ti ọkọ̀ yòókù lọ, nítorí bí ọkọ̀ bá dojú dé, òpó yẹn wà lára ohun tí yóò dúró láàárín orí ènìyàn àti ilẹ̀. Ẹ mọ Mercedes SL tí wọ́n ṣe láti 1971 títí di 1989, èyí tí ó ní òrùlé aṣọ àti òrùlé irin tí a lè gbé kúrò. Èyí tí ó rọ́pò rẹ̀ ní 1989 ní ọ̀pá kan tí ó sùn sẹ́yìn ìjókòó. Bí ẹ̀rọ inú ọkọ̀ bá ti fura pé ó fẹ́ dojú dé, ọ̀pá náà yóò fò dìde láàárín ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọwọ́ wáyà ni gbogbo rẹ̀ wà. Rìwáyà tí ó bá wá gé wáyà tí kò mọ iṣẹ́ rẹ̀ nítorí pé ó fẹ́ rí ibi so rédíò mọ́, ó lè ti pa ẹ̀ṣọ́ ọkọ̀ náà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbọ́ ìró kankan. Rédíò yóò máa kọrin, inú oníkálukú yóò máa dùn.

Èyí náà ni ó mú mi lòdì pátápátá sí ẹni tí yóò ní kí pánẹ́ẹ̀bítà bá òun gé òrùlé ọkọ̀ tí wọ́n ṣe pẹ̀lú òrùlé, kí òun lè jókòó sínú afẹ́fẹ́ níbi ìgbéyàwó. Páálí ni ó ṣí sílẹ̀ yẹn. Ilẹ̀kùn rẹ̀ kò ní pé tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀ láti pa dé, ìyẹn sì ni ìkìlọ̀ tí ó kéré jù.

Ohun tí àwọn ọ̀dọ́ kọ́kọ́ ń pààrọ̀ ni ẹsẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí ìṣirò bà yín lẹ́rù. Táyà tí wọ́n bá kọ 205/55 sí lára, tí ó wọ ríìmù ínṣì 16, gíga rẹ̀ láti ilẹ̀ dé òkè tó mìlímítà 632. Bí a bá fi 225/40 tí ó wọ ríìmù ínṣì 18 rọ́pò rẹ̀, gíga náà di nǹkan bí 637. Ìyàtọ̀ kò tó nǹkan. Ẹni tí ó yan èyí mọ àǹkóò. Ṣùgbọ́n bí oníṣòwò bá sọ pé 225/50 ni ó wà nílẹ̀, tí a sì gbà á nítorí pé òun náà wọ ríìmù 18, gíga di 682. Láti ọjọ́ náà, bí aago iwájú bá ń sọ fún awakọ̀ pé 100 ni òun ń sá, nǹkan bí 108 ni ó ń sá ní tòótọ́. Kò sí iná pupa kankan tí yóò tàn láti sọ fún un.

Èyí tí ó mọ àǹkóò náà ní ohun tí ó ń béèrè. Ìwọ̀n rọ́bà tí ó wà láàárín ríìmù àti ilẹ̀ nínú ti àkọ́kọ́ tó mìlímítà 113. Nínú ti ínṣì 18, ó kù sí 90. Ní ìlú tí títì rẹ̀ tẹ́jú, àdánù kò pọ̀. Ní Èkó, níbi tí òjò ń bo ihò mọ́lẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò fi mọ ìjìnlẹ̀ rẹ̀, mìlímítà 23 yẹn ni ìyàtọ̀ láàárín kí ríìmù kọjá kí ó sì ká. Lórí èyí ni wọ́n tún máa ń rẹ ọkọ̀ sílẹ̀. Mo lè fojú inú rí i: ọmọkùnrin kan dé ọ̀dọ̀ àgbà mẹkáníìkì, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó ní, ‘Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gé sípíríǹgì yìí, kí ó lè lẹ̀ mọ́lẹ̀.’ Àgbà náà wò ó títí, ó ní, ‘Ọmọ mi, ṣé àdúgbò tiyín kò ní bọ́ǹpù ni?’ Ìbéèrè yẹn tó fún ìwé kan. Sípíríǹgì tí a gé kì í kúrú lásán. Ó ń le sí i, nítorí ìwọ̀nba òrùka irin tí ó kù ni yóò máa gbé ẹrù tí púpọ̀ ń gbé tẹ́lẹ̀. Ìdí rẹ̀ tí a gé kò sì ní jókòó sí àyè tí wọ́n ṣe fún un mọ́. Ṣọ́ọ̀kì tí a kò pààrọ̀ yóò wá máa bá sípíríǹgì tí kò mọ̀ rí jà, títí ọ̀kan nínú wọn yóò fi dákẹ́.

Mo fẹ́ kí ẹ fi ara balẹ̀ gbọ́ ti bíréèkì. Àwọn tí ń gùn Afárá Kẹta láti Adékúnlé, ní ẹ̀gbẹ́ Yábàá wa níbí, mọ bí afárá náà ti ń pe ènìyàn ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìsinmi. A parí rẹ̀ ní ọdún 1990, ó gùn ju kìlómítà 11 lọ, ọ̀sà sì wà lọ́tùn-ún lósì. Ibẹ̀ ni ẹni tí ó ti fi agbára kún ẹ́ńjìnì rẹ̀ ti máa ń fẹ́ mọ ohun tí ó rà. Bí ọkọ̀ bá ń sá 60, ó ní ìwọ̀n ilẹ̀ tí ó nílò kí bíréèkì tó lè dá a dúró. Bí ó bá ń sá 120, ẹ̀rí ọkàn ọ̀pọ̀ yóò sọ pé ìlọ́po méjì ilẹ̀ náà ni yóò nílò. Irọ́ ni. Ìlọ́po mẹ́rin ni. Ọkọ̀ aṣífìlà sì wúwo ju ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó ní òrùlé lọ nítorí irin tí mo sọ pé wọ́n fi kún ìsàlẹ̀ rẹ̀. Nítorí náà, èmi kò lè gbà pé ẹni tí ó ná owó sórí agbára ẹ́ńjìnì, tí ó sì fi páàdì bíréèkì pọ́ọ́kú lé e, ti tún ọkọ̀ ṣe. Ó ti tú gbólóhùn, kò tò ó padà.

Ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀ kò ní gbà wá lákòókò. Àwọn ètò tí wọ́n ń kọ sí inú kọ̀ǹpútà ọkọ̀ kí agbára rẹ̀ lè pọ̀ sí i ní Jámánì, àwọn mìíràn nínú wọn gbára lé epo bẹntiróòlù tí wọ́n ń pè ní 98 níbẹ̀, èyí tí kì í tètè gbiná nínú ẹ́ńjìnì. Epo tí à ń rà nílé epo wa kì í ṣe irú yẹn. Ẹ́ńjìnì tí a bá fún ní ètò ti ibẹ̀ pẹ̀lú epo ti ibí yóò máa kànkùn nínú ara rẹ̀, ooru Èkó yóò sì máa ràn án lọ́wọ́ láti ba ara rẹ̀ jẹ́.

Sàláńsà wá dé. Orúkọ ohun èlò yìí nínú èdè tí a ti yá a túmọ̀ sí adákẹ́rọ́rọ́, ohun tí ń pa ariwo. Òun ni ó jẹ́ kí ayọ́kẹ́lẹ́ yẹ fún orúkọ rẹ̀. Àwọn ènìyàn sì ń sanwó kí wọ́n bá wọn gé inú rẹ̀ dànù kí ó lè máa bú ramúramù ní agogo kan òru láàárín àdúgbò. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín fẹ́ràn rẹ̀. Mo rí ẹni tí ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn lọ́hùn-ún. Ẹ fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ bá wa wá orúkọ mìíràn fún ọkọ̀ náà, nítorí kò yọ́, kò sì ṣe kẹ́lẹ́.

Òjò àti oòrùn ni ọ̀tá ọkọ̀ aṣífìlà ní ilẹ̀ wa, síbẹ̀ díẹ̀ ni àwọn tí ń ná owó sí ìhà yẹn. Òrùlé aṣọ máa ń gbó nínú oòrùn, eruku ọyẹ́ á wọ inú okùn rẹ̀, ibi tí ó ń ká sí á sì là. Ṣùgbọ́n èyí tí ń pa ọkọ̀ jù ni ohun tí ẹnìkan kì í rí. Àwọn ihò tẹ́ẹ́rẹ́ wà lẹ́bàá òrùlé náà tí omi òjò ń gbà lọ sílẹ̀. Bí ewé igi tàbí eruku bá dí wọn, omi yóò wọ abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, níbi tí wọ́n fi àwọn àpótí wáyà àti kọ̀ǹpútà sí nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ olówó ńlá. Àwọn onílé yóò máa sọ pé ọkọ̀ náà ní ẹ̀mí àìrí, pé iná rẹ̀ ń tàn fúnra rẹ̀. Omi ni. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò mú àti afẹ́fẹ́ díẹ̀ ni ó lè wo àrùn náà sàn kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, láìná owó púpọ̀. Ẹni tí ó bá ná owó sórí ẹ̀rọ orin ńlá kó tó ṣe èyí, ó gbé odò sórí iná mànàmáná.

Ẹ̀rọ orin náà ń béèrè tirẹ̀. Ó ń béèrè wáyà tí ó nípọn tó, àti fíúùsì nítòsí bátìrì. Bí fíúùsì bá sì jó, ẹ jọ̀wọ́, kí rìwáyà má ṣe fi ìrépé wáyà so àlàfo náà. Fíúùsì tí ó jó ti jíṣẹ́ rẹ̀. Ìrépé wáyà kò ní iṣẹ́ kankan láti jẹ́ ju kí ó jẹ́ kí ọkọ̀ jó dípò rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan ẹ̀yin olùkọ́ jù nìyí. Nínú ọgbà oníṣẹ́ wa, mẹkáníìkì dá dúró, rìwáyà dá dúró, pánẹ́ẹ̀bítà dá dúró, akunmọ́tò dá dúró, fọkanáísà wà lójú títì lọ́hùn-ún. Ọlọ́gbọ́n ni púpọ̀ nínú wọn. N kò rí ẹni tí ó lè fi ọwọ́ lásán ṣe ohun tí àwọn kan nínú wọn ń ṣe. Ṣùgbọ́n kálukú mọ ẹyọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀, kò sí ẹni tí a bi léèrè nípa odidi gbólóhùn. Fọkanáísà kò mọ̀ pé wọ́n ti gé sípíríǹgì. Rìwáyà kò mọ̀ pé omi wà lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì. Onílé tí ó yẹ kí ó so wọ́n pọ̀ kò sí níbẹ̀. Ó fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, ó bá iṣẹ́ tirẹ̀ lọ. Ìmọ̀ràn mi ni kí oníkọ̀ọ́kan ní ìwé kékeré kan nínú ọkọ̀ rẹ̀, kí gbogbo ohun tí wọ́n bá yí padà wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti iye ìwọ̀n rẹ̀, kí oníṣẹ́ tí ó bá kàn sì kà á kí ó tó mú sípánà. Ní èdè wo? Ní Yorùbá, níbi tí Yorùbá bá ti jẹ́ èdè ọgbà náà. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ọmọ ní Akọkà, ẹ lọ kó ọ̀rọ̀ àwọn oníṣẹ́ wọ̀nyí jọ. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ fún ìdún ẹ́ńjìnì tí kò dá, fún rọ́bà tí ó ti gbó nínú tí ìta rẹ̀ ṣì ń dán, tí àwa oníwèé kò tíì kọ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ohun tí a tú lára ọkọ̀ mìíràn náà kò kéré. Wọlé Ṣóyínká, nínú eré oníṣe rẹ̀ tí ń jẹ́ The Road, tí ó jáde ní 1965, fi ìsọ̀ kan síbẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ta ohun èlò ọkọ̀ tí ó ti ní ìjàm̀bá. Òun kan náà ni ó di alága àkọ́kọ́ fún àjọ tí ń mójú tó ààbò ojú pópó nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá a sílẹ̀ ní 1988. Ẹni tí ó bá ń ra apá sítíárìn tàbí ohun bíréèkì tí ẹlòmíràn ti lò, kí ó rántí ìsọ̀ yẹn. Gíláàsì dúdú ní òfin tirẹ̀ láti 1991, kí ẹni tí ó fẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ọlọ́pàá. Bí ẹ bá sì yí àwọ̀ ọkọ̀ tàbí ẹ́ńjìnì rẹ̀ padà, ẹ lọ jẹ́ kí àwọn tí ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀ mọ̀, kí ìwé má baà máa jẹ́rìí lòdì sí irin.

Wọ́n máa ń bi mí pé, bí owó bá wà lọ́wọ́ ẹni, kí ni kí ó kọ́kọ́ rà. Táyà ni. Kì í ṣe èyí tí ó tóbi jù. Èyí tí ó kéré lọ́jọ́ orí ni. Lára gbogbo táyà, ẹ ó rí nọ́ḿbà mẹ́rin kan nínú àpótí kékeré róbótó. Bí ó bá jẹ́ 3519, ọ̀sẹ̀ 35 ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Rọ́bà ń gbó bí a kò tilẹ̀ gùn ún, táyà àlòkù tí ń dán lójú ọ̀nà lè ti ju ọmọ ilé ìwé lọ lọ́jọ́ orí, ìyẹn sì wà lára ìdí tí táyà àlòkù fún ọkọ̀ kékeré fi wà lára ohun tí ìjọba kò fẹ́ kí a kó wọlé. Lẹ́yìn táyà, bíréèkì. Lẹ́yìn bíréèkì, ihò omi òrùlé. Lẹ́yìn ìwọ̀nyí, kí ó kùn ún ní àwọ̀ tí ó bá wù ú. Bí ó bá fẹ́ kí ó pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, kí ó pọ́n. Èmi náà fẹ́ràn ohun tí ń tàn.

Olóòtú ti gbé ọwọ́ sókè, mo sì rí ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ń rẹ́rìn-ín nígbà tí mo ń sọ̀rọ̀ sàláńsà, òun náà gbé ọwọ́ sókè. Ẹ gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kí a gbọ́ tirẹ̀.